Tẹ́mósítáàtì wo ló yẹ ilé tí kì í ṣófo? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ìdílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Bọ́ílà tó ń lo gáàsì ló ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ gba inú páìpù lọ sí rédíétọ̀ tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, tẹ́mósítáàtì àtijọ́ kan ṣoṣo tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí bọ́ílà yóò tan àti ìgbà tí yóò kú. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ méjì àti ìyá ọkọ ló ń gbé ibẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá bá mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ amúlémóoru, ni pé owó gáàsì ń ga sí i, síbẹ̀ òtútù ń mú Màmá ní yàrá wọn nísàlẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣí fèrèsé lókè nítorí ooru. Baálé ilé ti mú ojútùú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ ra tẹ́mósítáàtì ọlọ́gbọ́n, irú èyí tó máa ń kọ́ ìṣesí àwọn ará ilé fúnra rẹ̀, kí n wá bá a gbé e kọ́ sára ògiri. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi so ó,” ni ó wí, “òun ni yóò máa bá wa rò ó.”

Mo ní kó má tíì sanwó. Áàpù àti ojú ẹ̀rọ tó ń dán ni ìpolówó tẹ́mósítáàtì ọlọ́gbọ́n sábà máa ń dá lé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú bọ́ílà àti ẹ̀yìn ògiri ni a ti ń mọ èyí tó yẹ ilé. Irú àṣẹ tí bọ́ílà lè gbà, wáyà tó wà nílẹ̀, ibi tí tẹ́mósítáàtì wà àti bí àwọn ará ilé ṣe ń lo ọjọ́ wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí. Ẹni tó bá rajà láìmọ ìwọ̀nyí kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀dọ̀ tẹ́mósítáàtì àtijọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo pa iná bọ́ílà láti ibi tó ti ń gba iná, mo fi mítà dán an wò pé iná ti kúrò lóòótọ́, mo wá yọ ìdérí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká róbótó ló wà nínú rẹ̀. Oríṣi irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni: bí ibẹ̀ bá ń móoru, ọ̀kan a máa gùn ju èkejì lọ, ìyẹn a sì mú kí ìká náà tú díẹ̀, bí ó bá ń tutù, a tún ká padà títí orí rẹ̀ yóò fi kan irin kékeré tó ń jẹ́ kí iná kọjá. Mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé, òun ló ń fà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iná má bàa máa ṣẹ́ pàrà láàárín wọn. Ẹ̀rọ yìí ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní bátìrì, láìní íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún sì ni. Àṣẹ méjì péré ló lè pa: tan, tàbí kú.

Wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo tún iná dá padà láti wọn ohun tó ń gba inú wọn kọjá, mo rí i pé iná kékeré tí bọ́ílà fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán gbà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé mìíràn, wáyà méjì tó jọ èyí gan-an máa ń gbé iná ńlá, tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 230. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń lo hítà oníná tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, gbogbo iná tí hítà ń jẹ, fóòtì 120 tàbí 240, ló ń gba inú tẹ́mósítáàtì kọjá. Púpọ̀ nínú tẹ́mósítáàtì ọlọ́gbọ́n tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún fóòtì 24. Bí wọ́n bá so irú rẹ̀ mọ́ iná ńlá, yóò jó, ó sì lè dá iná sílé.

Wáyà méjì yìí ló kọ́kọ́ ta ko ohun tí baálé ilé fẹ́. Tẹ́mósítáàtì tó ní ojú tó ń tàn, tó sì ń bá Wi-Fi sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, gbọ́dọ̀ máa rí iná jẹ nígbà gbogbo. Nínú ètò oní-fóòtì 24, wáyà kẹta tí wọ́n ń fi lẹ́tà C sàmì sí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí kò bá sí C, àwọn kan máa ń fa iná díẹ̀díẹ̀ láti inú wáyà tó ń pàṣẹ fún bọ́ílà. Lára bọ́ílà kan èyí kì í fa wàhálà, lára òmíràn ó lè mú kí súwíìṣì inú rẹ̀ máa tan kó máa kú láìní ìdí, tàbí kí bátìrì inú tẹ́mósítáàtì gbẹ. Ohun tí bátìrì gbígbẹ lè fà kì í ṣe kékeré: ní oṣù kìíní ọdún 2016, àléébù kan nínú sọ́fítíwíà Nest, tẹ́mósítáàtì ọlọ́gbọ́n tó jẹ́ ti Google, mú kí bátìrì wọn gbẹ ní ọ̀pọ̀ ilé, òtútù sì mú àwọn onílé ní àárín ìgbà òtútù. Mo sọ fún baálé ilé pé tí ó bá jẹ́ èyí tó ti yàn ló fẹ́, a ní láti fa wáyà tuntun gba inú ògiri láti ibi bọ́ílà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wù ú, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí ìwé bọ́ílà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà.

Bọ́ílà tí wọ́n ní jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru padà lára èéfín ara rẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá ń jó, omi máa ń wà nínú èéfín rẹ̀, omi tó ti di afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá fara kan ibi tó tutù tó, á padà di omi ṣíṣàn, á sì tú ooru tó gbé dání sílẹ̀ sínú bọ́ílà dípò kó gbé e jáde gba ihò èéfín. Ohun tó ń pinnu bóyá èyí yóò ṣẹlẹ̀ ni omi tó ń padà bọ̀ láti inú àwọn rédíétọ̀. Tí omi náà bá wà lábẹ́ nǹkan bí 55 °C, èéfín á di omi. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Wọ́n ti tún ìgbóná omi bọ́ílà yìí gbé sí 75 °C láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, tẹ́mósítáàtì ògiri kò sì ní ọ̀nà tó lè fi sọ fún un pé kó rọra. Á tan, á gbé omi gbígbóná janjan jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á móoru, á kú. Láìpẹ́, á tún tan. Wọ́n sanwó bọ́ílà tó ń gba ooru padà, wọ́n sì ń lò ó bí èyí tí kò lè gba ohunkóhun padà.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń so wáyà tan-tàbí-kú mọ́, ibi mìíràn wà tí wọ́n kọ OpenTherm sí. OpenTherm ni ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ílà àti tẹ́mósítáàtì jọ ń lò, tí tẹ́mósítáàtì fi lè bá bọ́ílà sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì. Dípò “tan” lásán, ó lè ní kí bọ́ílà gbé omi 48 °C jáde, kí ó tún sọ ọ́ di 45 bí yàrá bá ti ń sún mọ́ ohun tí a fẹ́, bọ́ílà náà yóò sì dín iná gáàsì rẹ̀ kù láti bá a mu. Ẹ̀rọ tí baálé ilé ti yàn lọ́kàn kò gbọ́ OpenTherm nínú irú èyí tí wọ́n ń tà fún un. Ọgbọ́n tó ní nípa ìṣesí ènìyàn lè pọ̀ dé ibi tó bá dé. Ọ̀dọ̀ bọ́ílà yìí, tan àti kú náà ni yóò máa wí.

Ọ̀rọ̀ yàrá Màmá kò tíì yanjú. Mo fi tẹ̀mómítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ ìyàwó ilé pé kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó ṣe é dáadáa, ó tilẹ̀ ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní àkókò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ló tú àṣírí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí tẹ́mósítáàtì wà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti ń dáná, ooru ààrò á dé ọ̀dọ̀ tẹ́mósítáàtì, ó sì máa rò pé gbogbo ilé ti móoru, á pa bọ́ílà. Lálẹ́ kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní 21 °C, yàrá Màmá, tí ògiri méjì rẹ̀ kọjú síta, wà ní 17 °C. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2018 pé kò yẹ kí inú ilé rẹlẹ̀ ju 18 °C lọ nígbà òtútù, ó sì fi kún un pé ó lè ní láti ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbàlagbà, ọmọdé àti aláìsàn. Màmá kò ráhùn lásán. Wọ́n ti ń fi ìbora wọ́lẹ̀ nínú ilé tí iná gáàsì ń jó ní gbogbo ìgbà, ó sì dùn mí.

Ibi tó dára fún tẹ́mósítáàtì kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀: ara ògiri inú ilé, ní nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀ sókè, níbi tí oòrùn, ẹnu ọ̀nà, ààrò tàbí rédíétọ̀ kò ti ní máa tàn án jẹ. Bí a bá gbé ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, yóò máa ṣe ìpinnu tó já gaara lórí ìròyìn tí kì í ṣe òótọ́.

Ó wá ku ìgbé ayé àwọn ará ilé. Ẹ̀ka Agbára ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá dín ìgbóná ilé kù ní ìwọ̀n 7 sí 10 °F, ìyẹn nǹkan bíi 4 sí 5.5 °C, fún wákàtí 8 lójúmọ́ lè fi tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún pamọ́. Ara irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ ni tẹ́mósítáàtì tó ń kọ́ ìṣesí àti èyí tó ń fi fóònù mọ̀ pé onílé ti jáde ti ń rí èrè tiwọn, nígbà tí ilé bá ṣófo. Ilé yìí kì í ṣófo. Màmá wà nílé lójoojúmọ́, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, iṣẹ́ ọkọ sì ń yí láàárín òru àti ọ̀sán láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí ni ẹ̀rọ yóò kọ́ lára ìgbòkègbodò báyìí? Ó lè kọ́ pé òru ni àwọn ènìyàn ń jí, kó wá dín ooru kù lọ́sàn-án tí Màmá jókòó sí yàrá wọn. Mo sọ ọ́ fún baálé ilé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tí ilé rẹ lè fi dín owó kù ni omi tí kò gbóná kọjá bó ṣe yẹ àti ooru tó dọ́gba láti yàrá dé yàrá.

Ohun mẹ́ta ló wá wà níwájú wa. Èkíní ni èyí tó fẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wáyà àti bọ́ílà ti kọ̀. Èkejì ni tẹ́mósítáàtì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ílà náà ń tà, tó bá bọ́ílà mu dáadáa, àmọ́ tí kò ní nǹkan kan tí a lè fi ṣe àkóso rédíétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, tí a mú, jẹ́ èyí tó pín sí méjì: àpótí kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, tó ń gba iná níbẹ̀, tó sì ń bá bọ́ílà sọ OpenTherm, àti ojú ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì, tó ń bá àpótí náà sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, tí a sì lè gbé sí yàrá tó bá wù wá. Ó ní orí fáàfù oní-bátìrì tí wọ́n ń dé rédíétọ̀, tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń tì í, kí yàrá kọ̀ọ̀kan lè ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀.

Ìdí kan wà tí mo fi ta kú lórí rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan. Ojú ẹ̀rọ yìí ní kọ́kọ́rọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi. Màmá kì í lo áàpù. Kí ènìyàn tó ń gbé inú yàrá má lè yí ìgbóná yàrá ara rẹ̀ padà àfi kó bẹ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, ìyà gbáà ni. Ẹ̀rọ tó ṣòro láti lò kì í sì í dín owó kankan kù. Ní ọdún 2009, ENERGY STAR, ètò Amẹ́ríkà tó ń fi àmì ẹ̀yẹ sára ẹ̀rọ tí kì í fi agbára ṣòfò, dáwọ́ àmì tó ń fún tẹ́mósítáàtì oní-àkókò, èyí tí onílé ń ṣètò wákàtí rẹ̀ fúnra rẹ̀, dúró, torí èrè tí wọ́n retí kò hàn kedere nínú ilé àwọn ènìyàn.

Mo bi àwọn tó ń ta á ní ìbéèrè méjì mìíràn kí a tó sanwó. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé ìṣètò tí a ti ṣe yóò máa bá iṣẹ́ lọ? Bí ilé iṣẹ́ náà bá dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún un, kí ni yóò ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́? Ìbéèrè kejì kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ní oṣù kẹwàá 2025, Google dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún ìran kìíní àti ìkejì Nest Learning Thermostat, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n áàpù kò lè darí wọn mọ́. Páìpù àti rédíétọ̀ máa ń pẹ́ ju sọ́fítíwíà lọ dáadáa. Èyí tí a mú lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì máa yí bí áàpù bá tilẹ̀ ti kú. Orúkọ baálé ilé àti íméèlì tirẹ̀ ni a fi ṣí àkáǹtì, kì í ṣe tèmi, torí àkáǹtì yìí mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn àti ìgbà tí wọ́n ń jí.

Lọ́jọ́ tí a so ó, a pa iná, a ya fọ́tò ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà kí a tó fọwọ́ kàn án, oníṣẹ́ gáàsì tó ní ìwé àṣẹ ló sì ṣí ìdérí bọ́ílà. Ibi tí OpenTherm wà kò gbọ́dọ̀ rí iná ńlá láéláé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ti tó láti ba pátákó oníná tó ń darí bọ́ílà jẹ́. Ojú ẹ̀rọ lọ sí yàrá Màmá. A kò dé orí fáàfù sí rédíétọ̀ yàrá yẹn, a ṣí i gbayawu, torí bí fáàfù àti tẹ́mósítáàtì bá jọ ń ṣe àkóso yàrá kan náà, fáàfù lè ti ọ̀nà omi nígbà tí tẹ́mósítáàtì ṣì ń bèèrè ooru, bọ́ílà á sì máa jó fún yàrá tí kò lè móoru. Yàrá náà tún wúlò ní ọ̀nà mìíràn: bí gbogbo fáàfù òkè bá tì, omi ṣì ní ibi tí yóò gbà yí po, pọ́ọ̀npù kò sì ní máa ti omi sí ibi tí kò sí ọ̀nà. Àwọn yàrá ọmọ àti yàrá tọkọtaya ni a dé orí fáàfù sí. A wá gbé òpin ìgbóná omi inú bọ́ílà wá sí 55 °C.

Àtúnṣe kan di dandan lẹ́yìn náà. Baálé ilé ti ṣètò rẹ̀ nínú áàpù pé kí gbogbo ilé rẹlẹ̀ sí 15 °C lóru, kó tún padà sí 20 ní òwúrọ̀. Omi tí kò gbóná janjan kì í tètè gbé ilé padà sókè; ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ kí yàrá Màmá tó móoru, bọ́ílà sì ti ń jó ní gbogbo agbára rẹ̀ láti lé àsìkò bá. A yí i sí 18.5 lóru àti 20 lọ́sàn-án nísàlẹ̀, a sì fi yàrá àwọn ọmọ sílẹ̀ ní 18. Láti ìgbà náà, ohun tí ìyàwó ń kọ sílẹ̀ fún yàrá Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín 19 àti 20 lọ́sàn-án, dídáná kò sì ní ipa kankan lórí rẹ̀ mọ́. Fèrèsé òkè wà ní títì. Bí ènìyàn bá dúró ti bọ́ílà ní ìrọ̀lẹ́, iná kékeré ló ń jó nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, páìpù tí omi ń gbà padà sì móoru lọ́wọ́ láìta ọwọ́.

Nípa owó, mo ní kí wọ́n má fi oṣù kan wé oṣù kejì, torí oṣù tó tutù á jẹ gáàsì ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lọ bó ti wù kí tẹ́mósítáàtì dára tó. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń ka mítà gáàsì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń kọ bí ìta ṣe tutù sí ìsàlẹ̀ 15.5 °C, ìwọ̀n tí a kà sí pé ilé nílò ooru lábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè pín iye gáàsì fún iye òtútù kí a tó wé e pẹ̀lú ti ìgbà òtútù tó kọjá, èyí tí ìwé owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ìgbà òtútù yìí bá parí, ìṣirò yẹn ni yóò sọ bóyá a óò tún lè fa òpin omi bọ́ílà wálẹ̀ sí 50, tàbí a óò kọ́kọ́ pààrọ̀ rédíétọ̀ yàrá Màmá sí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ.